Olóòtú, Íméèlì Tí A Ò Kà Ló Ń Pa Áàpù Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, láti ìgbà tí bàbá mi ti máa ń rà á ní Mọ́kọ́lá tí wọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí màá jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi kà á tán kí n tó rí i gbà. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí, èyí ni àkọ́kọ́, tó bá wá gùn jù ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi.

Iṣẹ́ áàpù ni mò ń ṣe, ní yàrá kan ní Àgbowó, ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn níbí, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì. Àwọn áàpù tí à ń ṣe kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń gbé sójú ewé àkọ́kọ́. Ti alájọ wà níbẹ̀, ti ilé ìwé aládàáni kan tí àwọn òbí fi ń san owó ilé ìwé wà níbẹ̀, èyí tó ń rán àwọn Mùsùlùmí létí àsìkò ìrun náà wà níbẹ̀. Mo rí i láìpẹ́ yìí tí ẹ fi odidi ojú ewé méjì sọ̀rọ̀ fóònù tuntun kan, kámẹ́rà ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀, iye tí wọ́n ń tà á, ó dáa, èmi náà kà á tán. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kéékèèké tó ń yí padà nínú fóònù yẹn tí ojú ò rí, tó jẹ́ pé òun ló máa sọ bóyá áàpù tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń lò ní Bódìjà á ṣiṣẹ́ lọ́la àbí kò ní ṣiṣẹ́, mi ò tíì rí i kà ní èdè wa rí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú gègé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an.

Bàbá kan wà tó ń gba àjọ ní ọjà Bódìjà, ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń gbà á. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń yípo ọjà, láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́lùbọ́ títí lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta. Káàdì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, káàdì kékeré tí wọ́n ń fa ìlà sí lójoojúmọ́ yẹn. Ọmọ wọn ló mú wọn wá bá mi pé kí n bá wọn ṣe é sórí fóònù, mo ṣe é, ó sì dùn mọ́ wọn gan-an, torí bí wọ́n bá ti tẹ owó ẹni wọlé báyìí, fóònù onítọ̀hún á dún ní ìsọ̀ ẹ̀ lọ́hùn-ún, á rí i kà pé owó tòní ti wọlé, iye tó ti dá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù rè é. Àwọn ìyá ọjà fẹ́ràn dídún yẹn ju áàpù fúnra ẹ̀ lọ. Àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀wé kà, wọ́n ti mọ̀ pé tó bá ti dún, owó àwọn ti dé ibi tó ń lọ.

Ní oṣù Kẹjọ 2023 mo ní láti gbé nọ́ńbà kan sókè nínú áàpù yẹn. Màá ṣàlàyé nọ́ńbà ọ̀hún tó bá yá, torí orí ẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà yìí dá lé. Play Store, ọjà áàpù ti Google, ti kéde pé tó bá fi máa di ọjọ́ 31 oṣù yẹn, áàpù tó bá fẹ́ ṣe àpúdéètì gbọ́dọ̀ ti dé 33, tó túmọ̀ sí Android 13 (Android ni ètò tó ń darí fóònù). Mo yí 31 sí 33, mo kọ́ ọ, mo gbé e lọ, ó wọlé, mo lọ sùn. Mi ò ka nǹkan tó wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Nǹkan tó sì wà lábẹ́ ẹ̀ ni pé láti Android 13, tó jáde ní 2022, áàpù ò lè kàn máa fi ìròyìn dún lórí fóònù èèyàn mọ́ bó ṣe wù ú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù, kí onítọ̀hún tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Áàpù tó bá ti gba nọ́ńbà 33 tí kò sì béèrè, fóònù ò ní jẹ́ kó dún. Kò ní sọ pé nǹkan kan bàjẹ́, kò ní kọ àkọlé pupa kankan sójú ẹ̀, ó kàn máa dákẹ́ ni.

Ibi tó wá ti ṣòro láti mọ̀ nìyí. Àwọn tó ti ní áàpù yẹn lórí fóònù wọn tẹ́lẹ̀, tiwọn ṣì ń dún. Àwọn tí fóònù wọn ti gbó, tó jẹ́ Android 10 àbí 11, tiwọn náà ń dún. Àwọn tí tiwọn ò dún ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tuntun tí wọ́n wá gbé áàpù sórí ẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí ní ìparí ọdún, àwọn ọmọ á ti Èkó dé, ti Àbújá dé, wọ́n á ra fóònù fún màmá wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìn-ín-ní 2024, ìyá tó wà ní ìsọ̀ ọ̀tún fóònù ẹ̀ ń dún, ìyá tó wà ní ìsọ̀ òsì, tó dá ₦2,000 lójú gbogbo èèyàn, fóònù tiẹ̀ dákẹ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kejì. Kí lẹ rò pé wọ́n máa sọ? Wọ́n ní bàbá ò tẹ owó àwọn wọlé. Wọ́n ní bàbá mọ ẹni tí wọ́n ń jẹ owó ẹ̀, àwọn tó ń rí jẹ tí ọmọ wọn ra fóònù fún ni wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n ká bàbá mọ́ ìsọ̀ kan. Wọ́n pè mí, mo gun ọ̀kadà débẹ̀, mo bá bàbá lórí ìjókòó, fóònù wọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi han àwọn ìyá ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó, èyí ni tìyá yìí, mo tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ rè é, iye rè é. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Bàbá tó ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí láti ìgbà tí mo ṣì wà ní kékeré. Mo jókòó lórí àpò ẹ̀wà níbẹ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn fóònù, ń sọ fún mi pé gbogbo ìròyìn ni òun ti fi ránṣẹ́. Òótọ́ ló ń sọ, ó fi wọ́n ránṣẹ́, ẹnu ọ̀nà fóònù ni wọ́n ti dá wọn dúró. Aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá kí n tó rí i, nílé. Àtúnṣe ẹ̀ ò ju ìlà kóòdù díẹ̀ lọ. Ìyá mẹ́rin ti gba owó wọn kúrò lọ́wọ́ bàbá kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, méjì nìkan ló padà wá. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n ti kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé ju ọdún kan lọ ṣáájú kí ọ̀rọ̀ yẹn tó dé Bódìjà, íméèlì tó sọ nípa ẹ̀ sì wà nínú àpótí íméèlì mi, láàárín àwọn tí mo rò pé ìpolówó ọjà lásán ni. Mo lọ wá a lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí i, mo jókòó sójú kan mò ń wò ó.

Ó dáa, nọ́ńbà ọ̀hún. Áàpù kọ̀ọ̀kan lórí Android ló ní nọ́ńbà kan nínú, tó fi ń sọ fún fóònù pé òfin ọdún báyìí ni mo mọ̀, òun sì ni kí o fi bá mi lò. Tí ìwọ bá dúró sórí nọ́ńbà àtijọ́, fóònù á ṣì máa fi òfin àtijọ́ bá ẹ lò níbi tó bá ti lè ṣeé ṣe. Tí o bá gbé e sókè, o ti fọwọ́ sí gbogbo òfin tuntun tó wà lábẹ́ ẹ̀ pátápátá, èyí tí o kà àtèyí tí o ò kà. Play Store ò sì ní jẹ́ kéèyàn jókòó sórí ti àtijọ́, ọdọọdún ni wọ́n ń sún un. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2024 ó di 34, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2025 ó di 35. Áàpù tó bá jìnnà jù sẹ́yìn, àwọn tó ní fóònù tuntun ò ní rí i mọ́ tí wọ́n bá wá a lórí Play Store, àwọn tó ti gbé e sórí fóònù tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa kù. Èmi ò sọ pé òfin yẹn burú o. Mo ń sọ pé oṣù Kẹjọ gbọ́dọ̀ wà lórí kàlẹ́ńdà gbogbo ẹni tó ń fi áàpù jẹun ní ìlú yìí, bí ọjọ́ tí owó ilé ń pé ṣe wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bódìjà yẹn mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó kan 34, alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kà á kí n tó fọwọ́ kan kóòdù, ó sì yọ mí. Áàpù ìrun tí mo sọ yẹn, tó bá ku díẹ̀ kí aago ìrun Súbùhì lù, ó gbọ́dọ̀ dún ní àkókò yẹn gẹ́lẹ́, kò gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́. Android 14 ní áàpù tuntun téèyàn bá gbé sórí fóònù, kò ní àṣẹ láti dún ní àkókò gẹ́lẹ́ mọ́ àyàfi tí ẹni tó ni fóònù bá lọ sínú sẹ́tìn-ìnsì lọ ṣí i fún un. Tí kò bá ṣí i, fóònù tó ti sùn á máa sùn lọ, ìgbà tó bá jí díẹ̀ ni áàpù á tó dún, nígbà yẹn oòrùn lè ti máa yọ. Àwọn áàpù tó jẹ́ aago àbí kàlẹ́ńdà gan-an ni wọ́n yọ sílẹ̀, Play Store á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ lò ń sọ. Mo fi ojú ewé kan kún áàpù yẹn tó ń ṣàlàyé ní Yorùbá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ àti ìdí ẹ̀. Ẹnì kankan ò pè mí láti ṣàròyé. Mi ò rò pé ẹnì kankan mọ̀ pé nǹkan kan tiẹ̀ yí padà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáńgó ò ríbi gbé e gbà báyẹn. Tirẹ̀ jẹ́ 35, Android 15. Nínú Android 15, áàpù gbọ́dọ̀ na ara ẹ̀ dé etí fóònù lókè àti nísàlẹ̀, kò ní fi àyè sílẹ̀ fún àwọn bọ́tìnnì fóònù mọ́. Ó gbé nọ́ńbà sókè, bọ́tìnnì tí àwọn òbí fi ń sanwó ilé ìwé bá lọ wọ abẹ́ bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ fóònù, wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ áàpù á pa dé, wọn ò sì rí owó san. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé tuntun ni.

Èyí tí wọ́n ń pè ní 16 KB náà wà níbẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀ torí àwa tó ń kọ kóòdù ló kàn jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní áàpù tí ẹlòmíràn bá yín ṣe, ẹ bi í léèrè. Bí fóònù ṣe ń gé ìrántí ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ló ń yí padà, 4 KB ló ń gé e sí tẹ́lẹ̀, àwọn fóònù tuntun kan ti lè gé e sí 16 KB, Play Store sì mú ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2025 pé áàpù àti àpúdéètì tó bá ti wà ní Android 15 lọ sókè gbọ́dọ̀ lè gbé e. Ẹni tó bá ń fi àkójọ kóòdù ẹlòmíràn tí wọ́n ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́ ṣiṣẹ́, áàpù ẹ̀ lè má ṣí rárá lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù lẹ́yìn ti bàbá alájọ ni ti àwọn ọmọ wa tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì tara ẹ̀ lórí Play Store lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 2023, lẹ́yìn tó bá ti san dọ́là 25 tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, kò lè gbé áàpù ẹ̀ síta fún gbogbo èèyàn bí kò bá kọ́kọ́ wá èèyàn 20, iye tó wà nínú òfin nígbà yẹn, tó máa gbé e sórí fóònù fún ọjọ́ 14 láìyọ ọ́. 20 èèyàn, fún ọmọ ilé ìwé tí kò ní owó dátà tara ẹ̀. Àwọn kan ti ń ra èèyàn, àwọn kan wà nínú gúrúùpù WhatsApp tí wọ́n ti ń bá ara wọn dán an wò, bá mi dán tèmi wò kí n bá ẹ dán tìẹ wò, àwọn tó ń dán an wò yìí ò ṣí áàpù yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù Kejìlá 2024 wọ́n bá wa dín in kù, ó di èèyàn 12. Ìròyìn ayọ̀ gidi lèyí. Ẹ ò ní gbà á gbọ́ pé lọ́dún 2025 mo pàdé ọmọkùnrin kan, ọmọ Pólì Ìbàdàn, áàpù tó ṣe dáa ju tèmi lọ, ó ti jókòó tì í fún oṣù púpọ̀, ó ní èèyàn mẹ́tàdínlógún, ó ń wá mẹ́ta sí i. Mo ní arákùnrin, 12 ni o, o ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Ó wo ojú mi bíi pé mò ń tàn án. A ṣí i lórí fóònù ẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Oṣù púpọ̀ ló fi ṣòfò lórí òfin tí wọ́n ti yí, torí kò sí ẹni tó sọ fún un ní ibi tó ti lè gbọ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Google nìkan ni nǹkan ti ń yí o. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù àtijọ́, tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Ìwó Road, tó bá ti jẹ́ Android 7.0 sísàlẹ̀, ẹ ti lè rí i pé àwọn áàpù àti wẹ́ẹ̀bù kan kàn ń sọ fún yín pé kò sí ìsopọ̀, dátà sì wà. Ìdí kan tó lè fà á ni pé wẹ́ẹ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí tó fi ń jẹ́rìí fún fóònù pé òun kì í ṣe onígbàjúẹ̀, ilé iṣẹ́ tí kò gbowó tí ọ̀pọ̀ wa ń gba ìwé ẹ̀rí yìí lọ́wọ́ wọn, Let's Encrypt, ìtìlẹ́yìn tí àwọn fóònù àtijọ́ fi ń gba ìwé wọn gbọ́ parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024. Fóònù ìyá aláta ò bàjẹ́, kò kàn mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà mọ́ ni. Mo mọ ìyá kan tó ti fẹ́ gbé fóònù ẹ̀ fún àtúnṣe, wọ́n ní kó mú owó wá. Ìwé ẹ̀rí yìí kan náà, ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó ń fọwọ́ tún un ṣe lọ́dọọdún, ọjọ́ orí ẹ̀ ti ń kúrú. Àwọn tó ń ṣòfin ẹ̀ dìbò ní oṣù Kẹrin 2025, láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2026 kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 200 lọ, láti oṣù Kẹta 2027 ó di 100, láti oṣù Kẹta 2029 ó di ọjọ́ 47 péré. Ẹni tí kò bá tíì fi ẹ̀rọ máa ṣe é fúnra ẹ̀, kó yáa bẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè máa rántí ọjọ́ 47 láìgbàgbé.

Bákan náà làwọn ìtọ́kasí kúkúrú, líǹkì tí èèyàn ń tẹ̀ kó lè dé inú áàpù, tí wọ́n ń pè ní Firebase Dynamic Links, wọ́n ti pa á ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2025. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ sára sítíkà àbí káàdì ọjà, tàbí tó fi kun ara ògiri, bó ṣe kú sára ògiri nìyẹn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ìyípadà yìí ló ń pa wá lára. Ẹ rántí àwọn áàpù ayánilówó, tí wọ́n máa ń kó nọ́ńbà gbogbo ẹbí èèyàn tí wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀ ẹ̀ àti ọ̀gá ẹ̀ pé olè ni. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kàrún-ún 2023, Play Store ò gba áàpù ayánilówó kankan láyè mọ́ láti wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù ẹni tó yáwó, tó bá sì jẹ́ Nàìjíríà, wọ́n gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ wá látọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ìlà díẹ̀ nínú ìwé òfin ni, ó gba ẹ̀gbin kúrò lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló mọ̀ ọ́n? Mo ṣì ń rí àwọn tí wọ́n ń gba irú áàpù bẹ́ẹ̀ látọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp, tí kò gba Play Store kọjá rárá, tí wọ́n á sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ohun tó bá béèrè.

Ìyẹn ló gbé mi dé èyí tó tóbi jù, tí mo fẹ́ kí ẹ dìídì gbé jáde. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Google kéde pé áàpù tí ẹni tó ṣe é ò bá fi ara ẹ̀ hàn fún àwọn, orúkọ ẹ̀, àdírẹ́sì ẹ̀, ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀, kò ní ṣeé gbé sórí fóònù Android tí àwọn fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba Play Store kọjá. Oṣù Kẹsàn-án 2026 ni wọ́n ní ó máa bẹ̀rẹ̀, ní Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand, tó bá di 2027 síwájú á wá máa tàn dé ibi yòókù láyé. Wọ́n ní àkáǹtì kékeré kan máa wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń fi í ṣeré, ní oṣù Kọkànlá 2025 wọ́n tún sọ pé ọ̀nà kan máa wà fún ẹni tó mọ ewu ẹ̀ tó ṣì fẹ́ gbé e sórí fóònù. Ẹ wo iye áàpù tó ń rìn ní Ìbàdàn yìí láti ọwọ́ sí ọwọ́. Áàpù ṣọ́ọ̀ṣì, áàpù ẹgbẹ́ àdúgbò, áàpù tí olùkọ́ kan ṣe fún kíláàsì ẹ̀, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn tó ṣe é ò gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Tí ọjọ́ yẹn bá dé, bíi ti Bódìjà ló máa rí, áàpù á kàn kọ̀ láti wọlé, wọ́n á sì máa wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi kiri. Èmi fúnra mi rò pé àǹfààní wà nínú ẹ̀ nítorí àwọn onígbàjúẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí fún ọmọ tí kò tíì ní ìwé ìdánimọ̀ kankan tó sì ń fi fóònù màmá ẹ̀ kọ́ iṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wa. Ẹ ń rò pé áàpù dà bí òrùlé páànù Ìbàdàn, téèyàn bá ti kàn án tán, ó lè dípẹtà fún ọgbọ̀n ọdún, èèyàn á ṣì máa gbé abẹ́ ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oko ló jọ, téèyàn ò bá padà lọ ro ó, koríko á gbà á. Onílé ìwé kan sọ fún mi pé owó wo ni mo tún ń béèrè, ṣé kì í ṣe pé mo ti bá òun ṣe é tán ní 2022? Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé oṣù Kẹjọ fún wọn, wọ́n ní òyìnbó ti pọ̀ jù lẹ́nu mi. Òótọ́ ni, ó pọ̀, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ bí ìyọ̀ǹda, bí ìwé ẹ̀rí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó yé àgbàlagbà ni, bàbá alájọ ló ń kọ́ mi, torí àwọn náà ló ń lọ ṣàlàyé fún àwọn ìyá ọjà.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ fún wa ní igun kékeré kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, kí ẹ máa kọ síbẹ̀ nǹkan tó fẹ́ yí padà, ọjọ́ tó máa yí, ẹni tó kàn. Kí ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọjọ́ ìdánwò WAEC àti ọjọ́ tí wọ́n máa ti ọ̀nà. Tí ẹ ò bá rí ẹni máa ṣe é, èmi á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì mọ àwọn mẹ́ta mìíràn ní Ìbàdàn níbí tí wọ́n á dá sí i. Mo ti kọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ fífi ara ẹni han Google yẹn ló ṣáájú. Mo ka àkọ́kọ́ fún bàbá lórí fóònù lánàá, wọ́n ní gbólóhùn kejì ò yé àwọn, mo ti tún un kọ.

Èmi ni tiyín,
Akọ-áàpù kan,
Àgbowó, Ìbàdàn.